Iná Kú, Ó Feérú Bojú: Nípa Eruku Inú Àwọn Gálásì Àkọ́kọ́

Gálásì kan, ìyẹn àkójọ ìràwọ̀ tí kò lóǹkà, wà lọ́nà jíjìn réré tí àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ sọ ní MACS0416_Y1. Y1 ni n ó máa pè é. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ti rìn fún bílíọ̀nù 13.2 ọdún kó tó kàn wá lójú. Nígbà tó gbéra, kò tíì sí oòrùn tiwa yìí, kò tíì sí ilé ayé, kò tíì sí òṣùpá. Àgbáálá ayé fúnra rẹ̀, tó ti pé bílíọ̀nù 13.8 ọdún lónìí, kò tíì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún lọ. Kùtùkùtù hàì nìyẹn, nígbà tí àwọn gálásì àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ. Ohun tí ọkàn ènìyàn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ìràwọ̀ tuntun àti gáàsì lásán ni a ó bá níbẹ̀.

Ní ọdún 2019, Yoichi Tamura ti Yunifásítì Nagoya ní orílẹ̀-èdè Japan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n bá níbẹ̀: eruku. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 4. Wọ́n bá ọ́síjìn níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí mo ti ka ìròyìn náà ni ọ̀rọ̀ eruku yìí ti wà lọ́kàn mi, nítorí kò sí bí eruku ṣe lè wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ohun tí ojú wa kò bá.

Ẹ má rò pé irú eruku tí mọ́tò ń tú sókè lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ni mò ń sọ. Eruku àárín ìràwọ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Tí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ nínú ẹyọ eruku náà kò tó ìdá kan nínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú èéfín ló sún mọ́ ọn jù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ kábọ́ọ̀nù, irú ohun dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná onígi. Èkejì jẹ́ ti ìdílé òkúta àti yanrìn: sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn tó so pọ̀ mọ́ irin tàbí magnẹ́síọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ àwọn èròjà wọ̀nyí sọ́kàn, torí pé orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Nígbà tí àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí ohun gbogbo gbóná kọjá àfẹnusọ, ohun tó jáde kò ju háídrójìn àti hílíọ̀mù lọ, pẹ̀lú lítíọ̀mù táṣẹ́rẹ́. Nínú ìwúwo gbogbo rẹ̀, háídrójìn kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, hílíọ̀mù sì kó èyí tó kù. Kò sí kábọ́ọ̀nù. Kò sí irin. Ẹ wá gbogbo àgbáálá ayé láti ìkángun dé ìkángun lọ́jọ́ náà, ẹ kò ní rí ohun tí ẹ ó fi mọ ẹyọ yanrìn kan ṣoṣo.

Inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti sè wọ́n. Nínú ọkàn ìràwọ̀, ooru àti ìfúnpá pọ̀ débi pé háídrójìn ń dà pọ̀ di hílíọ̀mù, hílíọ̀mù ń di kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn. Nínú àwọn ìràwọ̀ ńlá, iṣẹ́ náà ń tẹ̀ síwájú dé sílíkọ́ọ̀nù, títí dé irin. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìràwọ̀ ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ó di ìgbà tí ìràwọ̀ náà bá darúgbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí tó bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohun tó sè tó jáde sí òfuurufú. Bí gáàsì yẹn ṣe ń tàn kálẹ̀ tó ń tutù, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ń wá ara wọn rí, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ń di ẹyọ eruku.

Nítorí náà, ibi tí a bá ti rí eruku, ìràwọ̀ kan ti gbé ibẹ̀ rí. Ó ti tàn, ó ti gbó, ó ti lọ.

Mo ń ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì fẹ́ràn kí ènìyàn bọ́ sójú ọ̀rọ̀ kíákíá.

"Ṣé eruku náà lo wá ń sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù yìí?"

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ mi ná. Eruku yẹn kò lè wà níbẹ̀ àfi bí ìràwọ̀ kan bá ti kọ́kọ́ tàn, tó sì kú. Kí àgbáálá ayé tó dàgbà rárá ni òkú ti ń sùn níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé iná kú, ó feérú bojú nìyẹn?"

"Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Òun gan-an nìyẹn."

Níbi ìsìnkú bàbá wa ni àwa méjèèjì ti gbọ́ òwe náà kẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìdílé: iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ìdajì àkọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́, ìdajì kejì ni mo rọ̀ mọ́. Ojú mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jèrè nínú òwe náà. Iná kò ní ọmọ tí yóò fi sílẹ̀. Eérú tútù ni gbogbo ogún rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ohun kan yí padà nínú bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, torí pé lọ́dọ̀ ìràwọ̀, eérú yẹn náà ni ọmọ. N ó padà dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ojú ọ̀run ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá wo apá ibi tí Y1 wà, ohun tí a ó kọ́kọ́ rí ni ìṣùpọ̀ àwọn gálásì ńláńlá kan tí wọ́n ń pè ní MACS J0416, tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ti rìn fún ju bílíọ̀nù 4 ọdún lọ. Nínú àwòrán, Y1 wà láàárín wọn bí ẹni pé ará ilé wọn ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn wọn réré ni Y1 wà, ọ̀nà tirẹ̀ sì jìn ju tiwọn lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìṣùpọ̀ iwájú náà wúlò. Òòfà rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì ń mú kí ohun ẹ̀yìn tàn sí i díẹ̀ lójú wa. Irú ìrànlọ́wọ́ yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ àwárí nípa àwọn gálásì àkọ́kọ́ wáyé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí Tamura àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi wò ó, ALMA. Orí òkè pẹrẹsẹ Chajnantor nínú aṣálẹ̀ Atacama ní Chile ló wà, ní nǹkan bíi mítà 5,000 sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbé ọ́síjìn dání. Áńtẹ́nà 66 ni wọ́n tò síbẹ̀, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ bí ojú kan ṣoṣo. Wọ́n yan ibẹ̀ nítorí pé ó gbẹ. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ tí eruku ń tàn mì, kò sì ní jẹ́ kó dé ilẹ̀.

Eruku ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni. Kò tàn bí ìràwọ̀. Àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ máa ń da ìmọ́lẹ̀ líle kan jáde, ultraviolet, èyí tí ojú wa kò rí. Eruku a gba ìmọ́lẹ̀ yìí sára, a sì fi móoru díẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti móoru gbọ́dọ̀ tú ooru náà sílẹ̀, eruku a wá tú u sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ mìíràn tó rọ̀ púpọ̀, infrared ti ìkángun ọ̀hún. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n wò láti ara eruku Y1, ìgùn ìgbì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá mílímítà nígbà tó jáde. Ṣùgbọ́n òfuurufú ń fẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi ń rìn, ó sì ń na ìmọ́lẹ̀ náà pẹ̀lú ara rẹ̀. Kó tó dé Chile, ó ti gùn ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, ó ti ń lọ sí mílímítà kan. Ìnà yẹn ni wọ́n fi mọ bí ọ̀nà rẹ̀ ti jìn tó.

Ó pẹ́ kí ẹ̀dá tó mọyì eruku. Nígbà kan, àwọn ibi dúdú tó wà láàárín ìràwọ̀ jọ ihò lójú àwọn tó ń wo ọ̀run. William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wò ó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1930 ni Robert Trumpler fi hàn gbangba pé ohun kan tó ń dí ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo àárín ìràwọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun ìdènà ni wọ́n kà á sí, ohun tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò nínú ìṣirò kí a tó rí òtítọ́. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ ti tàn látìgbà ìwáṣẹ̀ ni eruku ti gbà sára, tó sì tún tú jáde lọ́nà mìíràn. Ẹni tó bá fojú fo eruku, ìdajì ìtàn ló fò.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, torí pé ìṣirò kékeré tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ni ó fi ìṣòro ńlá hàn.

Oòrùn mílíọ̀nù 4 ni ìwúwo eruku tí wọ́n kọ́kọ́ kéde. Ta ló ṣe é? Ní gálásì tiwa lónìí, àwọn ìràwọ̀ àgbàlagbà tí kò tóbi jù ni ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe eruku jù: nígbà ogbó wọn, wọ́n a wú, wọ́n a pupa, wọ́n a máa mí eruku jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kékeré máa ń pẹ́ láyé. Oòrùn wa yóò lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún kó tó dé ibẹ̀. Àwọn tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ náà ń lo ju bílíọ̀nù kan lọ. Mílíọ̀nù 600 ọdún péré sì ni gbogbo ọjọ́ orí àgbáálá ayé nígbà náà! Wọn kò ráyè darúgbó. Nínú ẹgbẹ́ yìí, kìkì àwọn tó wúwo jù ni ì bá ti ráyè dé ibẹ̀.

Àwọn ìràwọ̀ ńlá ló kù. Ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn 30 kì í pé mílíọ̀nù 10 ọdún láyé. A jó rẹ̀yìn lójijì, ọkàn rẹ̀ a wó sínú, ara rẹ̀ a sì fọ́n ká nínú ìbúgbàù tí a ń pè ní supernova. Mélòó nínú wọn ni yóò kú kí eruku Y1 tó pé? Ó dọ́wọ́ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe, ìbéèrè yìí ló sì ká àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ kò títí di ìgbà tí ìràwọ̀ kan bú nítòsí wa.

Oṣù kejì ọdún 1987 ni a rí i, nínú gálásì kékeré aládùúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Large Magellanic Cloud. Wọ́n sọ ọ́ ní SN 1987A. Àwọn ènìyàn apá gúúsù ayé fi ojú lásán rí i. Ní ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́, eruku tí wọ́n rí níbẹ̀ kéré gan-an, kò tó ohun tí a lè fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn kankan. Ní ọdún 2011, Mikako Matsuura àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò-awọ̀nàjíjìn Herschel tó wà lójú òfuurufú nígbà náà láti tún un wò, wọ́n sì bá eruku tútù tó wúwo tó nǹkan bí ìdajì oòrùn kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ohun tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀. ALMA náà wo ó lẹ́yìn náà, ó sì fi hàn pé àárín gbùngbùn ìràwọ̀ tó bú náà ni eruku ọ̀hún wà.

Ìdajì oòrùn láti ara ìràwọ̀ kan. Ó túmọ̀ sí pé ìràwọ̀ mílíọ̀nù 8 ni yóò ti kú nínú Y1, bí a bá ní kí eruku mílíọ̀nù 4 náà péjọ, láìsí èyí tó ṣòfò. Mílíọ̀nù 8! Àwọn ìràwọ̀ tí a rí tí wọ́n ń tàn jù níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju mílíọ̀nù mélòó kan ọdún lọ. Ìran tó ṣáájú wọn gbọ́dọ̀ ti wá, kó sì ti lọ. Mo máa ń ronú nípa ìran yẹn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀ lójú wa. Àwọn tó jẹ́ àkọ́kọ́ pátápátá nínú wọn, àwọn tí a ṣe látinú háídrójìn àti hílíọ̀mù nìkan, kò tíì sí èyí tí ẹnì kankan fi hàn tí gbogbo onímọ̀ gbà. Eruku wọn la rí.

Ìṣirò náà kò sì rọrùn tó bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ yìí, nítorí pé eruku máa ń ṣòfò. Nígbà tí ìràwọ̀ bá bú, ara rẹ̀ tó ń sáré jáde yóò kọlu gáàsì tó wà láyìíká. Ìkọlù náà yóò dá ìgbì líle kan padà sínú, ìgbì yìí yóò sì gba àárín eruku tuntun náà kọjá, yóò máa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí ó ti ń bí ọmọ ni ó tún ń na ọwọ́ láti pa á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú eruku kì í ti inú ìbúgbàù wá ní pípé. Pé hóró díẹ̀ tó bá yè ń dé inú gáàsì tútù, á sì máa ṣa átọ́ọ̀mù mọ́ra níbẹ̀, á máa dàgbà. Èmi rò pé ọ̀nà méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni èwo ló kó ipa tó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bá ibòmíràn yọ. Bí eruku bá ṣe gbóná tó ló ṣe ń tàn tó, bó bá sì gbóná díẹ̀ sí i, yóò tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìwúwo mílíọ̀nù 4 náà dá lórí pé eruku Y1 wà ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 223 nísàlẹ̀ òdo. Tom Bakx àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo ALMA láti wo gálásì kan náà ní oríṣi ìgùn ìgbì mìíràn. Ní ọdún 2020 wọ́n jábọ̀ pé eruku náà gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dájúdájú. Ìwọ̀n tí wọ́n tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà sún mọ́ 180 nísàlẹ̀ òdo. Ó ṣì tutù ju ibikíbi lórí ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n eruku inú gálásì tiwa wà ní nǹkan bí 250 nísàlẹ̀ òdo. Ti Y1 dà bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru, nítorí àwọn ìràwọ̀ tó ń bí níbẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ: bí oòrùn 180 lọ́dún, nígbà tí gálásì tiwa kò ju bí oòrùn kan sí méjì lọ lọ́dún. Eruku díẹ̀ tó gbóná lè tàn bí eruku púpọ̀ tó tutù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, eruku Y1 kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò, àwọn tó kú láti ṣe é náà kò sì ní tó mílíọ̀nù 8.

Inú mi dùn sí irú àtúnṣe yìí. Kò bi ohun tí Tamura rí wó. Eruku wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Òṣùwọ̀n ni wọ́n tún ṣe. Ní ọdún 2023, Tamura fúnra rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán Y1 tó mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì rí i pé ibi tí eruku wà àti ibi tí àwọn ìràwọ̀ ti ń tàn kì í ṣe ibì kan náà: wọ́n wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ tí a kó pọ̀. Ihò ńlá kan wà láàárín rẹ̀, tó fẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi ẹgbẹ̀rún ọdún rìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ìràwọ̀ tó bú tẹ̀lé ara wọn ló ti gáàsì kúrò níbẹ̀.

Awò-awọ̀nàjíjìn James Webb, tó gbéra ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021 láti Kourou ní French Guiana, ti fi ẹ̀rí tirẹ̀ kún un. Ní ọdún 2023, Joris Witstok, tó wà ní Cambridge nígbà náà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àmì kan nínú ìmọ́lẹ̀ gálásì JADES-GS-z6-0, tí a ń wò bó ṣe rí nígbà tí àgbáálá ayé jẹ́ ọmọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 800 ọdún. Àmì náà jẹ́ ibi tí eruku ti jẹ ìmọ́lẹ̀ ultraviolet kan pàtó. Theodore Stecher ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ nínú gálásì tiwa ní ọdún 1965, ohun tí wọ́n sì gbà pé ó ń fà á ni ẹyọ kábọ́ọ̀nù kéékèèké. A kò tún kàn mọ̀ pé eruku wà mọ́. A ti ń mọ ohun tí a fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí Webb ṣe ń wò jìnnà sí i, ni eruku bá tún pòórá. JADES-GS-z14-0, tí wọ́n kéde ní ọdún 2024, wà ní ìgbà tí àgbáálá ayé kò tíì pé mílíọ̀nù 300 ọdún. Ó mọ́lẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe retí lọ, eruku inú rẹ̀ sì kéré. Ènìyàn lè ní ó tọ́, wọn kò tíì kú níbẹ̀. Àmọ́ ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n lo ALMA, ọ̀kan láti Leiden, èkejì láti Pisa, bá ọ́síjìn níbẹ̀. Ìràwọ̀ ti kú níbẹ̀ o. Ibo wá ni eruku wọn wọlé sí? Andrea Ferrara ní Pisa ti dábàá pé àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń tàn kíkankíkan débi pé ìmọ́lẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ ń ti eruku jáde kúrò láàárín gálásì, tí ojú ibẹ̀ fi mọ́ kedere fún ìgbà díẹ̀. Ìdáhùn náà wù mí, torí pé ó tún jẹ́ ká mọ ìdí tí irú gálásì bẹ́ẹ̀ fi mọ́lẹ̀ tó yẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣì nílò ẹ̀rí.

Mo ní n ó padà sórí eérú àti ọmọ.

Háídrójìn inú òfuurufú sábà máa ń dá wà ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Kí gáàsì tó lè tutù dáadáa, kó sì ká ara rẹ̀ jọ di ìràwọ̀, àǹfààní ńlá ni kí àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyí so ní méjìméjì. Nínú afẹ́fẹ́ gbalasa, ó nira fún méjì láti pàdé kí wọ́n sì dúró pọ̀. Lórí ẹyọ eruku ni wọ́n ti ń rí àyè: ọ̀kan a bà lé e, òmíràn a bà lé e, wọ́n a rìn lórí rẹ̀ títí wọn yóò fi kan ara wọn, wọ́n a sì jọ kúrò. Eruku yẹn náà ló ń dí ìmọ́lẹ̀ líle mọ́ inú ìkúùkù gáàsì, tí ohun tí wọ́n so kò fi ní tú. Àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ kò ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Gáàsì wọn kò rọrùn láti tutù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi rò pé wọ́n tóbi gan-an, tí ẹ̀mí wọn sì kúrú. Àwọn tó tẹ̀lé wọn rí eérú wọn lò, wọ́n sì lè kéré, wọ́n lè pẹ́. Oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láyìíká irú ìràwọ̀ yìí, eruku a tún lẹ̀ mọ́ eruku, a di òkúta wẹ́wẹ́, òkúta a di àpáta, àpáta a di ayé tí ènìyàn lè dúró lé.

Mélòó kan nínú ẹyọ eruku àtijọ́ kò tilẹ̀ yọ́ mọ́ra. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí Murchison ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Wọ́n lọ apá kan lára rẹ̀, wọ́n fi ásíìdì yọ́ èyí tó lè yọ́, wọ́n sì bá àwọn ẹyọ kéékèèké tí ara ìràwọ̀ mìíràn ti tú jáde kí oòrùn wa tó wà rárá. Ní ọdún 2020, Philipp Heck àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Field Museum ní Chicago jábọ̀ pé èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti tó bíi bílíọ̀nù 7 ọdún. Oòrùn wa kò ju bílíọ̀nù 4.6 lọ. Ènìyàn lè gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù kó wò ó.

Àwọn gálásì àkọ́kọ́ kò lè fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Nítorí náà, ojú SN 1987A ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò. Ìgbì líle tó ń padà sínú, èyí tí mo sọ pé ó ń gé eruku wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò tíì dé àárín ibi tí eruku tó tó ìdajì oòrùn náà wà. Ó ń bọ̀. Yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún sí i kó tó la ibẹ̀ kọjá, a ó sì lè wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ọdún dé ọdún, láti Chile àti láti òfuurufú. Bí èyí tó pọ̀ bá yè, a ó mọ̀ pé àwọn ìràwọ̀ ńlá nìkan lè kó eruku Y1 jọ. Bó bá pa run, a óò tún padà sórí gáàsì tútù àti hóró tó ń dàgbà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí ni yóò ka èsì náà parí, mo sì ti ń sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó mú fíísíìsì ní ọ̀kúnkúndùn.